Ìdánwò Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá ní agbègbè Àgbádárìgì, n kò sì lè ka iye ìgbà tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà, ‘ìdánwò’, sí ojú pátákó. Ìdánwò ìparí sáà ni o, ìdánwò àṣekágbá ni o, bí mo bá ti kọ ọ́ báyìí, ojú àwọn ọmọ a fà ro, èmi a sì máa rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí yóò gba oorun lójú mi fún òru mẹ́ta, tí n óò jókòó tì í bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka ìwé rẹ̀, tí n óò máa fi ìdí kálàmù ho orí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún mẹ́jọ ni ó fi jù mí lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbé fi ojú mọ ọjà Àgbálátà, níbi tí ìyá wa ti ń ta ẹja gbígbẹ, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀gbọ́n lásán ni ó jẹ́ fún mi. Olùkọ́ ni òun náà kí ó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun ní ọdún 1991. Ní ọdún 2019 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fa oògùn sí i lára, ara sì tù ú díẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí a tún gbọ́ pé àrùn náà ti dé inú ẹ̀dọ̀. Láti ìgbà náà, oògùn tí wọ́n bá fún un a ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, a sì ṣíwọ́, bí fìtílà tí epo tán nínú rẹ̀, títí tí àwọn dókítà fi sọ fún un pé kò sí òmíràn mọ́ nínú èyí tí ayé ti mọ̀.

‘Èyí tí ayé ti mọ̀.’ Gbólóhùn yẹn ni ó dúró sí mi létí. Ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì jẹ́ kí ó kọjá lọ. Ó ní, ‘Àbúrò mi, èyí tí ayé kò tíì mọ̀ wà. Oògùn tuntun kan ni, oníhóró. Wọ́n ti dán an wò lára eku àti lára ẹranko mìíràn. Ó ku ara ènìyàn. Wọ́n bi mí bóyá n óò wà lára àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ lò ó fún.’

Mo dákẹ́. Ó tún ní, ‘Ìwé kan ni wọ́n fún mi, ojú ìwé méjìdínlógún ni. N kò lè tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí Màmá má mọ ohun tí mo tọwọ́ bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò sì lè wọ̀ wọ́n létí. Ìwọ ni tísà Yorùbá. Bá mi tú u. Gbogbo rẹ̀ ni o. Má yọ ìkankan.’

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé ìtumọ̀ ṣíṣe kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì ní ìlú yìí. Etí ọ̀sà wa níbí ni ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní ọdún 1845 wà títí di òní. Ọdún kan náà ni Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì gbé ibẹ̀ títí di ọdún 1846 kí ó tó kọjá sí Abẹ́òkúta. Ọmọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òun ni ó padà wá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Tìgbéraga-tìgbéraga ni mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́ ìwé ẹ̀gbọ́n mi sí orí tábìlì, tí mo tan iná, tí mo gbé kálàmù, mo rí i pé ìgbéraga kì í túmọ̀ ìwé.

Àkọlé rẹ̀ gan-an ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe irú iṣẹ́ yìí, òun kan náà ni wọ́n fi ń pe ìgbẹ́jọ́ ní kóòtù, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe ìpọ́njú. Bí mo bá pè é ní ‘ìdánwò’, Màmá, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ láti kékeré, yóò rò pé Ọlọ́run ni ó ń dán ọmọ àwọn wò, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Bí mo bá pè é ní ‘àyẹ̀wò’, wọn yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ lásán ni àwọn dókítà fẹ́ gbà, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọsibítù wa níhìn-ín. ‘Ìwádìí’ ni ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá náà ń ṣe ìwádìí, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tí wọ́n bá ń wádìí. Ọ̀rọ̀ tí ọkàn mi fẹ́ kọ ni ‘ìtọ́jú’. Kò sí ìyá tí kò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ń tọ́jú ọmọ òun. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni kò gbà fún mi, nítorí ó là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí àwọn ń wá kì í ṣe ìwòsàn ẹni tí yóò lo oògùn náà, ìmọ̀ nípa oògùn náà ni.

Òru kejì ni ojú mi là sí i. Ìdánwò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ń ṣe é? Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Oògùn ni ó jókòó ìdánwò. Ara ẹ̀gbọ́n mi ni tákàdá tí ó ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sí. Bí oògùn bá kùnà, kì í ṣe aláìsàn ni ó gba òdo. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ‘ìdánwò tí oògùn ń ṣe lára ènìyàn’. Ó gùn, kò sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni mo kan ọ̀rọ̀ ‘ìpele kìíní’. Ìpele mẹ́ta ni oògùn tuntun sábà máa ń là kọjá kí ó tó di ohun tí dókítà lè kọ fún gbogbo ènìyàn. Ní ìpele kẹta, wọ́n ń fi wé oògùn tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ní ìpele kejì, wọ́n ń wò ó bóyá ó ń bá àrùn náà jà. Ṣùgbọ́n ní ìpele kìíní, ìbéèrè tí ó ṣáájú ni pé: ìwọ̀n wo ni ara lè gbà? Ènìyàn mẹ́ta ni wọn yóò kọ́kọ́ fún ní ìwọ̀n kékeré. Bí ohun tí ó le kò bá ṣe wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a mú ẹni mẹ́ta mìíràn, wọn a sì fi kún ìwọ̀n náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá rí ìpalára tí ó le, wọn a fi mẹ́ta mìíràn kún wọn ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n di mẹ́fà. Bí ó bá wá di ẹni méjì nínú mẹ́fà, wọ́n ti kọjá ààlà nìyẹn. Wọn a fi ìwọ̀n náà sílẹ̀, wọn a padà sí èyí tí ó kéré sí i. Àwọn oníṣègùn ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà ṣe é lóde òní, ṣùgbọ́n èyí ni ìwé ẹ̀gbọ́n mi là sílẹ̀. Àwọn apẹja wa mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wọ́dò nínú òkùnkùn, ọ̀pá ni ó fi ń kan ilẹ̀ níwájú kí ó tó gbé ẹsẹ̀.

Ní ojú ìwé kẹfà ni mo ti ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti sọ. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò gùn rárá: pé ó ṣeé ṣe kí oògùn náà má ṣe ẹni tí ó bá lò ó ní àǹfààní kankan. Mo kà á, mo tún un kà. Mo rò ó pé ìyá ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni n óò ka èyí sí létí. Mo sì kọ ọ́ pé: ‘A ní ìrètí pé oògùn yìí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lè ṣe ìlérí.’ Ó dùn ún gbọ́. Yorùbá rẹ̀ gún régé. Nígbà tí mo ń ka iṣẹ́ mi fún ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ìyìn ni mo ń retí.

Ó ní, ‘Tún ìyẹn kà.’

Mo tún un kà.

‘Bí ọmọ kíláàsì rẹ bá túmọ̀ gbólóhùn yẹn báyẹn, máàkì mélòó ni wàá fún un?’

Mo ní, ‘Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́, nítorí Màmá ni.’

Ó ní, ‘Nítorí Màmá gan-an ni mo ṣe ní kí o tú u. Bí mo bá kú sí i, Màmá yóò sọ pé wọ́n tan ọmọ àwọn jẹ. Kì í sì í ṣe àwọn dókítà ni ó tàn wọ́n jẹ, ìwọ ni.’

Mo mú bírò pupa tí mo fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ, mo fa ilà pa gbólóhùn náà, mo sì kọ sí òkè rẹ̀ pé: ‘Ó ṣeé ṣe kí oògùn yìí má wúlò fún ọ rárá.’ Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi bẹ́ẹ̀ bínú mọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi adùn bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Mo ṣì ń gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n n kì í bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fi iye pamọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde lórí 460 irú ìdánwò ìpele kìíní bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1991 sí 2002, tí àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ tí ó lé ní 11,900 kópa nínú wọn. Bí a bá mú ọgọ́rùn-ún nínú wọn, nǹkan bí mọ́kànlá ni kókó àìsàn wọn súnkì dáadáa tàbí tí ó pòórá. Bí a bá mú igba, nǹkan bí ẹnì kan ni oògùn náà fúnra rẹ̀ ṣe ikú pa. Àìsàn àwọn mìíràn dúró lójú kan fún ìgbà díẹ̀. Ti ìyókù ń lọ bí ó ti ń lọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹni mọ́kànlá àti ẹnì kan.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo kó ìwé mi lọ sí ilé Màmá, tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Inú ọgbà ni a jókòó sí, lórí yanrìn, lábẹ́ igi àgbọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí òdòdó kéékèèké kan hù sí, olójú pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ewé rẹ̀ ń dán. Gbogbo ilé ni ó ní in ní etí òkun wa; kò sí ẹni tí í gbìn ín, kò sì sí ẹni tí í bomi rin ín. Àbúrò bàbá wa kan wà níbẹ̀, àti àwọn aládùúgbò wa méjì tí wọ́n jẹ́ Ègùn, tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

N kò tíì ka ojú ìwé méjì tán tí àbúrò bàbá wa fi já lu ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní, ‘Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ni?’

A kò gbàgbé. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn tí í ba awọ ọpọlọ jà ń pa àwọn ọmọ ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára wọn. Nǹkan bí igba ọmọ ni. Wọ́n fún ìdajì ní Trovan, wọ́n fún ìdajì ní oògùn mìíràn tí a ti mọ̀. Mọ́kànlá kú nínú wọn, márùn-ún nínú àwọn tí ó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn yòókù. Bí a bá fi iye yìí nìkan ṣe é, a lè sọ pé kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye ni ẹjọ́ náà dá lé lórí ní ojú tèmi. Àwọn òbí sọ pé àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Wọ́n rò pé ìtọ́jú ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun ti sọ fún wọn, pé ẹnu ni wọ́n fi gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà ní kóòtù, kí ilé-iṣẹ́ náà àti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò tó parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní ọdún 2009 pẹ̀lú mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rin owó dọ́là. Ìlànà orílẹ̀-èdè wa lórí ìwádìí ìlera ti jáde ní ọdún 2007. Òfin ìlera ti ọdún 2014 náà sì sọ pé a gbọ́dọ̀ la ọ̀rọ̀ yé ẹni tí a fẹ́ fi ṣe ìwádìí kí ó tó gbà. Ìdánwò àti ìtọ́jú: ọ̀rọ̀ méjì tí èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàrọ̀ lórí tábìlì mi.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa kà lọ. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, wọ́n ń bi mí bí ẹni tí ó ń ná ẹja.

‘Ta ni yóò jókòó tì í bí ó bá gbé e mì?’

Mo ní àwọn nọ́ọ̀sì ni, pé ní ọjọ́ kìíní yóò wà lọ́dọ̀ wọn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, wọn yóò sì máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí.

‘Èló ni wọn yóò san fún un?’

Mo ní owó ọkọ̀ nìkan ni.

Ìyẹn jọ wọ́n lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, ‘Bí ó bá sú u ńkọ́?’

Mo ṣí ojú ìwé kẹtàlá. Mo ka ibẹ̀ pé ó lè ṣíwọ́ ní ọjọ́kọ́jọ́ tí ó bá wù ú, pé kò ní láti sọ ìdí, àti pé àwọn dókítà kò ní torí ìyẹn dẹ́kun àtimáa tọ́jú rẹ̀. Màmá ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, ‘Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?’ Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo fi ilà náà hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka lé e, wọ́n fi ìka náà tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ní kí n ká ibẹ̀ po kí àwọn lè tètè máa rí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fú, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ mọ ọ̀nà oníyanrìn tí àwọn ẹrú ń tọ̀ lọ sí etí òkun, ó sì mọ kànga tí a ní wọ́n máa ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Bí amọ̀nà wa ti ń ṣàlàyé, ọkàn mi sáré lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n mi wé wọn, òun náà tí ó ń lọ sí ibi tí kò sí ẹni tí ó ti ibẹ̀ dé wá ròyìn fún un. N óò jẹ́wọ́ pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í to gbólóhùn náà ní ọkàn, nítorí àwa tí a ń kọ́ni ní àròkọ kì í pẹ́ rí àfiwé. Ṣùgbọ́n kò bá ara mu. Kò sí ẹni tí ó ka ìwé fún àwọn tí ó gba ọ̀nà yẹn kọjá, kò sì sí ojú ìwé kẹtàlá fún wọn. Mo fi àfiwé náà sílẹ̀ sí etí òkun níbẹ̀.

Ohun tí ó mú ẹ̀gbọ́n mi gbà kì í ṣe ìrètí nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní in. Ẹni tí ó bá ní ẹni mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún kò já mọ́ nǹkan, kò tíì gbọ́ pé kò sí òmíràn mọ́. Ó bi mí ní ọjọ́ kan pé, ‘Oògùn tí wọ́n ti ń fún mi láti ọdún 2019, ta ni ó kọ́kọ́ lò ó?’ N kò mọ̀. Ìbéèrè náà ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà kiri.

Mo kà nípa ọkùnrin kan tí ìwé kò dárúkọ, àfi lẹ́tà J.D. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1942, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ti mú kókó sí i lọ́rùn àti lábíyá débi pé jíjẹun di ìṣòro. Àwọn dókítà fún un ní oògùn kan tí ó jẹ́ ìbátan gáàsì olóró tí wọ́n fi ń jagun, ohun tí ẹnikẹ́ni kò fún aláìsàn jẹjẹrẹ rí. Kókó náà súnkì, ó rí oúnjẹ gbé mì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àrùn náà padà. Kò sì rí òpin ọdún náà. Ogun mú kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí di ọdún 1946. Lára rẹ̀ ni ìtọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú oògùn ti ṣẹ̀ wá. Mo sì kà nípa òdòdó inú ọgbà Màmá. Láti erékùṣù Madagásíkà ni ó ti tàn káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ Jàmáíkà, àwọn ènìyàn ń mu àgbo ewé rẹ̀ fún àtọ̀gbẹ. Nígbà tí ewé náà dé ọ̀dọ̀ Robert Noble àti Charles Beer ní Kánádà, wọ́n rí i pé kò ran àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n pé ó ń dín àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ní ọdún 1958 ni wọ́n kéde oògùn tí wọ́n yọ nínú rẹ̀. Ìkejì rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n ń lò di òní fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí í mú ọmọdé. (Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ ṣa ewé náà sè o. Olóró ni, ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.)

Ìdí kejì tí ó sọ fún mi kúrú. Ó ní ní ọjọ́ tí àwọn pàdé fún àlàyé, òun wo yíká yàrá náà, òun nìkan ni adúláwọ̀. ‘Bí wọn yóò bá mọ ohun tí oògùn ń ṣe, kí wọ́n mọ̀ ọ́n lára tiwa pẹ̀lú.’ Mo sọ fún un pé ó ti bẹ̀rẹ̀ nílé, pé ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Èkó, àwọn oníṣègùn wa ti ń ṣe ìdánwò ìpele kejì kan lórí jẹjẹrẹ ọyàn, tí wọ́n pè ní ARETTA, èyí tí Olufunmilayo Olopade ti Yunifásítì Chicago wà nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, ‘Èkó náà?’ Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni pé mo ń purọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022 ni ó bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ṣe ẹnì kẹta nínú àwọn mẹ́ta tí ó wà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò burú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ohun tí í mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lọ sílẹ̀ lára rẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ sì lé bí ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba. Wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí ibùsùn. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n fi mú ẹni mẹ́ta mìíràn kún wọn. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n bi í bóyá yóò ṣíwọ́. Ó pe Màmá ní alẹ́ ọjọ́ náà. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi tí ń gbé ọ̀dọ̀ Màmá sọ fún mi pé wọ́n mú ìwé náà jáde, wọ́n ṣí ibi tí mo ká po, wọ́n sì ní, ‘Ó wà níhìn-ín o. Wọ́n kọ ọ́.’ Ẹ̀gbọ́n mi ní òun mọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n tí ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Àwòrán inú ara tí wọ́n yà ní oṣù Kẹta fi hàn pé àìsàn náà kò tóbi sí i. A jó. N kò ní parọ́, mo jó nínú ilé mi, èmi nìkan, pẹ̀lú ìwé ìdánwò kíláàsì mẹ́ta tí n kò tíì máàkì lórí tábìlì. Èyí tí wọ́n yà ní oṣù Karùn-ún sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n fi oògùn náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó ń bójú tó iṣẹ́ náà sì sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi kún wọn ti rí irú ìpalára tí òun rí, nítorí náà wọ́n ti fi ìwọ̀n yẹn sílẹ̀, wọ́n ti padà sí èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òun ni wọn yóò gbé lọ sí ìpele kejì. Mo ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú tí n óò sọ. Ó ní kí n má wá a. Ó ní, ‘Wọ́n bi í pé níbo ni kí àwọn dúró. Ara mi dá wọn lóhùn.’

Ẹ̀gbọ́n mi kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ní ilé ọmọ rẹ̀, láàárọ̀ kùtù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

Ìwé tí mo túmọ̀ náà ṣì wà lọ́dọ̀ Màmá, nínú àpótí tí wọ́n ń kó aṣọ àríyá sí. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n ní kí n wá tún un kà fún àwọn. Mo kà á láti orí dé ìdí, mo kà ‘Ó ṣeé ṣe kí oògùn yìí má wúlò fún ọ rárá,’ ohùn mi kò sì gbọ̀n. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti sọ nípa àwọn ẹni mẹ́ta àti mẹ́fà, wọ́n dá mi dúró.

‘Mẹ́fà ni wọ́n?’

Mo ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mẹ́fà, pẹ̀lú Àǹtí.’

‘Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́?’

Mo ní n kò mọ̀, pé wọn kì í dárúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní, ‘N kò béèrè orúkọ wọn.’